Ta ló ń parọ́ nínú ìwé òwò orílẹ̀-èdè méjì?

Ìbéèrè olùkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ń ṣe ìwádìí lórí òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Mo wo ìwé èyí tó ń tajà, mo sì wo ìwé èyí tó ń rà á. Iye tí wọ́n kọ kò dọ́gba rárá, àlàfo tó wà níbẹ̀ tó ìdámẹ́rin iye ọjà náà. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Ìwé ta ni kí n lò? Ọjà nìkan ni mo sì rí, níbo ni iye iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn wà?"

Ìdáhùn:

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé òwò orílẹ̀-èdè méjì bára mu, ìyẹn kò sì fi hàn pé ẹnì kan ń parọ́. Olùtà àti olùrà kì í ka ohun kan náà. Wọn kì í díwọ̀n iye ọjà ní ojúkò kan náà, wọn kì í kọ orúkọ ẹnì kejì lọ́nà kan náà, wọn kì í sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí dá sínú àlàfo tí ẹ rí. Bí ẹ bá yọ gbogbo wọn tán tí àlàfo ṣì kù, ìgbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ irọ́. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ìwé méjèèjì ni kí ẹ máa gbé síwájú nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká mú iye owó ṣáájú. Orílẹ̀-èdè tó ń kó ọjà jáde máa ń kọ iye tí ọjà náà jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ní ẹnubodè tirẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní FOB. Èyí tó ń kó o wọlé máa ń kọ iye rẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ tirẹ̀, ìyẹn iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó inṣọ́ránsì ojú ọ̀nà. Èyí ni CIF. Torí náà, ká tiẹ̀ ní ohun gbogbo tó kù dọ́gba, ìwé olùrà gbọ́dọ̀ ga ju ti olùtà lọ. Nígbà tí ìwé ẹnì kan kò bá sí nílẹ̀, Àjọ Ayánilówó Lágbàáyé, IMF, máa ń fi ìwé ẹnì kejì gbé e kalẹ̀. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi bo ìyàtọ̀ FOB àti CIF fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dín in kù sí ìdá 6. Ẹ má sọ ìdá 6 náà di òfin fún gbogbo ọjà o. Owó ọkọ̀ símẹ́ńtì ń kó ìpín ńlá nínú iye rẹ̀, àmọ́ ti oògùn tàbí aago ọwọ́ olówó ńlá kò tó nǹkan. Bákan náà, àwọn orílẹ̀-èdè kan, bíi Kánádà àti Ọsirélíà, kì í ka owó ọkọ̀ òkun mọ́ iye ọjà tó wọlé. Bí ẹ bá yọ ìdá kankan nínú tiwọn, ẹ ti yọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Àlàyé ìsàlẹ̀ tábìlì ló máa sọ èyí tí wọ́n lò.

Àmọ́ owó ọkọ̀ kọ́ ló máa ń fẹ àlàfo yìí lójú jù. Orúkọ tí wọ́n kọ sí àyè orílẹ̀-èdè kejì ni. Aṣọ́bodè olùrà ń béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà, nítorí ibẹ̀ ni owó ẹnubodè tó máa gbà dúró lé. Orírun ọjà ló ń kọ, ì báà jẹ́ pé ọjà náà ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí orílẹ̀-èdè mìíràn fún oṣù mẹ́ta. Olùtà ní tirẹ̀ ń kọ ibi tó mọ̀ pé ọjà ń lọ lọ́jọ́ tó kúrò ní èbúté. Ká pe olùtà ní orílẹ̀-èdè A, ká sì pe olùrà ní B. Bí oníṣòwò kan ní orílẹ̀-èdè C bá rà á lọ́wọ́ A, tó sì tún un tà fún B, ìwé A á sọ pé C ni òun tà á fún, ìwé B á sì sọ pé ọ̀dọ̀ A ló ti wá. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Ṣáínà àti Amẹ́ríkà nìyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjà Ṣáínà ń gba Hong Kong kọjá, àwọn alágbàtà ibẹ̀ ń lé èrè tiwọn lé e, Amẹ́ríkà sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sórúkọ Ṣáínà. Ìwé Amẹ́ríkà ga ju ti Ṣáínà lọ débi pé ìjọba méjèèjì jọ gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tó di 2018 tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ẹnubodè tuntun lórí ọjà Ṣáínà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àlàfo náà ń dín kù títí ó fi di pé ní 2020 ìwé Ṣáínà ló ga. Lára ohun tó fà á ni pé owó ẹnubodè tó pọ̀ ń mú kí ẹni tó ń kó ọjà wọlé fẹ́ dín iye tó ń sọ kù. Bákan náà, ẹrù kéékèèké tí iye wọn kò ju $800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ẹnubodè nígbà náà: Ṣáínà ń kà wọ́n mọ́ ohun tó tà, àmọ́ wọn kì í hàn nínú ìwé Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé àlàfo fúnra rẹ̀ lè sọ ìtàn òfin fún yín, bí ẹ bá tò ó lọ́dọọdún dípò kí ẹ wo ọdún kan ṣoṣo.

Ní Yúróòpù, orúkọ èbúté Rotterdam ni àwọn onímọ̀ fi ń pe irú nǹkan báyìí. Ọjà tó ń lọ sí Jámánì gúnlẹ̀ sí Rotterdam, wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ aṣọ́bodè níbẹ̀, ó sì di ọjà tí Netherlands kó wọlé. Nígbà tó bá kọjá sí Jámánì, ó tún di ọjà tí Netherlands kó jáde. Òwò Netherlands á wá tóbi lójú ìwé ju bó ṣe rí lọ. Bí ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjì tí ẹ ń wò bá ní èbúté ńlá tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń lò, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan wò ó, nítorí ìdámẹ́rin tí ẹ sọ lè tibẹ̀ wá láìsí irọ́ kankan. Ká ní ọjà A tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún kan tó sì ń lọ sọ́dọ̀ B jẹ́ $1,000,000 ní FOB. $200,000 nínú rẹ̀ gba ọwọ́ oníṣòwò C, torí náà $800,000 péré ni A kọ sórúkọ B. Owó ọkọ̀ àti inṣọ́ránsì jẹ́ ìdá 6, gbogbo rẹ̀ á di $1,060,000 lójú B. Oníṣòwò C lé $20,000 lé tirẹ̀, ó di $1,080,000. Ṣùgbọ́n ọjà tó tó $53,000 ní CIF ṣì wà lójú omi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá, ọdún tó tẹ̀ lé e ni B máa kọ ọ́. Iye tí B kọ wá jẹ́ $1,027,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ $227,000. Bí ẹ bá pín in pẹ̀lú àárín méjèèjì, ìyẹn $913,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àárín ni kí ẹ máa fi pín in, nítorí bí ẹ bá fi ìwé ẹnì kan pín in, ẹ ti gbà pé tirẹ̀ ló tọ́ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá wá wo ọjà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí wọ́n fi pín ọjà sí ìsọ̀rí lè dà yín láàmú. Ètò HS tí Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ayé ló ń lò. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ bára mu níbi gbogbo, ohun tó bá lé lórí mẹ́fà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn. Ètò náà tún ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Smartphone kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ títí ètò ti 2022 fi fún un ní 8517.13. Bí A bá ti ń lò ó tí B ṣì wà lórí ètò ti 2017, ẹ ó rí i pé A ta smartphone, B kò sì rà ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ 8517.12 ló kọ ọ́ sí. Bí ẹ kò bá rí ibi tí nọ́ńbà ti yà, ẹ gun orí nọ́ńbà mẹ́rin tàbí méjì, àlàfo irú èyí á pòórá.

Nínú àkójọ UN Comtrade tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe, ẹ má gbàgbé àwọn àyè tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ọjà tí wọn ò fẹ́ sọ ibi tó lọ máa ń wà lábẹ́ "Areas, nes" (nes túmọ̀ sí èyí tí a kò sọ níbòmíràn). Ẹni tó ń wá Taiwan kò ní í rí orúkọ yẹn, "Other Asia, nes" ni kó wò. Òwò ohun ìjà àti ti epo máa ń sá pamọ́ sí irú àyè báwọ̀nyí.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ láti fi yà àwọn ohun tó ń fa àlàfo sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n ọjà. Kílò kì í yí padà nítorí owó ọkọ̀ tàbí iye pàṣípààrọ̀ owó. Ẹ fi kílò A wé kílò B fún ọjà kan náà. Bí kílò bá bára mu tí iye owó kò bára mu, ọ̀rọ̀ náà wà lára owó: owó ọkọ̀, èrè alágbàtà, tàbí ìwé owó ọjà tí wọ́n ti yí. Bí kílò fúnra rẹ̀ kò bá bára mu, ọ̀nà tí ọjà gbà, ọjọ́ tó dé, nọ́ńbà HS tàbí fàyàwọ́ ni kí ẹ wá lọ. Ẹ ṣáà wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n náà jẹ́ àfojúdíwọ̀n, nítorí Comtrade máa ń fi àfojúdíwọ̀n dí àyè tí orílẹ̀-èdè kò kọ nǹkan sí.

Nípa ìwé owó ọjà tí wọ́n yí, ìdí tí wọ́n fi ń yí i ló máa sọ ibi tí iye máa fì sí. Níbi tí owó ẹnubodè bá ti ga, ẹni tó ń kó ọjà wọlé á fẹ́ dín iye kù. Níbi tí ìjọba bá ti há owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́wọ́, yóò bù kún iye kó lè rí dọ́là gbà jáde. Níbi tí wọ́n bá ti ń dá owó orí padà fún ẹni tó ń kó ọjà jáde, ẹni yẹn ló máa bù kún tirẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀sùn yìí kan ẹnikẹ́ni bí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tí ẹ ń wò.

Ìwé ta wá ni kí ẹ lò? Fún ọjà, ìwé olùrà ni mo máa ń gbà níyànjú, nítorí aṣọ́bodè máa ń la ojú kalẹ̀ sí ohun tó máa mú owó wọlé ju ohun tó ń jáde lọ, ó sì ń kọ orírun ọjà. Ohun tí Amẹ́ríkà àti Kánádà gbà ṣe nìyẹn: láti 1990, ohun tí Kánádà bá kọ pé òun rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni Amẹ́ríkà ń kọ pé òun tà fún un, bẹ́ẹ̀ ni Kánádà náà sì ń ṣe. Wọn kò ní àlàfo kankan láti jà lé lórí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí kò bá ibi tí owó ẹnubodè ti ga tí fàyàwọ́ sì pọ̀ mu, kò sì bá àárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, mu, nítorí wọ́n ti mú aṣọ́bodè kúrò láàárín ara wọn láti 1993. Iléeṣẹ́ ló ń fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n tà àti èyí tí wọ́n rà níbẹ̀, a kì í sì í béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí òwò wọn kò tó iye kan. Bí ẹ kò bá ráyè ṣe àtúnṣe fúnra yín, àkójọ BACI tí iléeṣẹ́ ìwádìí CEPII ní Faransé ń ṣe ti yọ owó ọkọ̀ kúrò, ó sì ti fa ìwé méjèèjì sọ́nà kan.

Iṣẹ́ ló wá kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Aṣọ́bodè kì í rí iṣẹ́. Kò sí kọ̀ntẹ́nà tí ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò tàbí sọ́fúwíà ń bá wọlé. Ìdí tí ẹ kò fi bá a níbi tí ọjà wà nìyẹn. Inú ìwé balance of payments ló wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan àti àwọn yòókù. Àjọ ìṣirò tàbí báńkì àpapọ̀ ló ń kó o jọ: wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́, wọ́n ń gba àkọsílẹ̀ owó tí báńkì fi ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n ń bi àwọn arìnrìn-àjò léèrè iye tí wọ́n ná. Ìlànà IMF tó ń jẹ́ BPM6 pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 12, láti orí ọkọ̀, ìrìnàjò àti ilé kíkọ́ dé orí inṣọ́ránsì, báńkì, kọ̀ǹpútà àti owó ẹ̀tọ́ lílo ohun tí ẹlòmíràn ṣẹ̀dá.

Ibi tí ẹ kò rò ni wọ́n máa ń kọ àwọn kan sí. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lókè òkun wà lábẹ́ ìrìnàjò, ì báà lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Owó ọkọ̀ òfurufú tó gbé e lọ wà lábẹ́ iṣẹ́ ọkọ̀. Owó ìkẹ́rù tí ẹ yọ kúrò nínú CIF náà kò gbọdọ̀ sọnù, iṣẹ́ ọkọ̀ lòun náà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti A, A ta iṣẹ́ fún B. Bí ó bá jẹ́ ti B, kò sí òwò òkè òkun níbẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, D, ọ̀dọ̀ D ni B ti ra iṣẹ́ yẹn, kò kan A. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí èèyàn mú iye CIF fún ọjà, kó sì tún ka owó ọkọ̀ mọ́ iṣẹ́: ó ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Òmíràn ni ọjà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Iléeṣẹ́ A fi aṣọ $70,000 ránṣẹ́ sí B kí wọ́n bá òun rán an, ó padà wálé ní ẹ̀wù $100,000. Aṣọ́bodè B kọ pé $70,000 wọlé, $100,000 sì jáde. Àmọ́ A kò ta aṣọ náà fún ẹnikẹ́ni, tirẹ̀ ni látìbẹ̀rẹ̀. BPM6 ní kí a kọ $30,000 nìkan, lábẹ́ iṣẹ́. Fún orílẹ̀-èdè méjì tí iléeṣẹ́ wọn ń ṣe irú èyí fún ara wọn, iye ọjà tó wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè àti èyí tó wà nínú balance of payments lè jìnnà síra gan-an. Ẹ má ṣe mú ọjà láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kí ẹ sì mú iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ èkejì láìṣe àtúnṣe.

Àdéhùn GATS ti Àjọ Ìdókòòwò Lágbàáyé, WTO, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1995, sọ ọ̀nà mẹ́rin tí a ń gbà ta iṣẹ́ fún òkè òkun: iṣẹ́ lè rékọjá ẹnubodè fúnra rẹ̀, olùrà lè lọ bá a níbi tó wà, olùtà lè dá ẹ̀ka iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùrà, tàbí kí òṣìṣẹ́ rìnrìn àjò lọ ṣe é. Ọ̀nà kẹta yìí ló tóbi jù, síbẹ̀ kò sí nínú balance of payments, nítorí ẹ̀ka iléeṣẹ́ tó wà ní B, ará B ni ìlànà kà á sí. Bí báńkì A bá ní ẹ̀ka káàkiri ilẹ̀ B, ohun tí ẹ̀ka náà ń tà kò ní í hàn nínú tábìlì yín. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FATS ni kí ẹ wá fún ìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é.

Nítorí pé ìwé ìbéèrè àti àfojúdíwọ̀n ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́, àlàfo tibẹ̀ máa ń le ju ti ọjà lọ. Ẹ wo Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn méjèèjì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ta iṣẹ́ fún ẹnì kejì ju bí òun ṣe rà lọ. Àjọ ìṣirò wọn ti jọ jókòó lórí rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé Amẹ́ríkà ń ka àwọn erékùṣù Jersey, Guernsey àti Isle of Man mọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òwò owó pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Torí náà, kí ẹ tó fi iye iṣẹ́ méjì wé ara wọn, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Fún ìwádìí yín, ẹ lo àkójọ BaTIS tí WTO àti OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà, jọ ń ṣe, tó ti fa ìwé méjèèjì sọ́nà kan. Ó ń fi hàn lọ́tọ̀ iye tí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ sọ, iye tí wọ́n fojú díwọ̀n, àti iye tí wọ́n ti mú dọ́gba. Ẹ sọ èyí tí ẹ mú fún ẹni tó máa ka iṣẹ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè kan rà lọ́wọ́ èkejì ju bó ṣe tà fún un lọ, ẹ ka ọjà àti iṣẹ́ pọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, kí ẹ sì yọ wúrà, HS 7108, sọ́tọ̀ kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Wúrà tó ń lọ láàárín London àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ ọ ní Switzerland lè yí iye oṣù kan padà pátápátá. Bákan náà, gbogbo iye ọjà kọ́ ló jẹ́ ti ẹni tó kó o jáde. Nígbà tí Yuqing Xing àti Neal Detert tú iPhone ti 2009 palẹ̀ nínú ìwádìí wọn, iye tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ $178.96. $6.50 péré nínú rẹ̀ ni owó iṣẹ́ ìtòpọ̀ ní Ṣáínà, ìyókù jẹ́ ti ohun èlò, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wá láti Japan, Jámánì, South Korea àti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Orúkọ Ṣáínà ni gbogbo $178.96 náà wà nínú ìwé aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Àkójọ TiVA tí OECD àti WTO gbé jáde ní 2013 ló ń pín irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Nísàlẹ̀ tábìlì yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé tí ẹ mú, FOB tàbí CIF, orírun tàbí ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, ọdún ètò HS, iye pàṣípààrọ̀ owó, àti ọjọ́ tí ẹ mú un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àjọ wọ̀nyí máa ń padà tún iye ọdún tó ti kọjá ṣe, ẹni tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lè bá nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀.